Ọwọ́ Tó Tutù Nídìí Iná

Ọdún tí wọ́n ti bodè pa ni Bàbá di aláìsàn, iṣẹ́ sì ni àìsàn náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá tí mo ń wí yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Màmá, ni wọ́n gbà mí tọ́ láti kékeré ní abúlé kan lẹ́bàá Owódé, níbi tí àkùkọ ilẹ̀ Faransé ti máa ń kọ kí tiwa tó dá a lóhùn. Mo kàwé dé ìwé kẹrin. Kì í ṣe pé mo ya òpè, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa fẹ́ràn kí ọmọ dìde dúró kí ó tó dáhùn ìbéèrè, èmi sì jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ bí ojú bá ti pọ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn nílé pé ìwé tó mi báyìí, Màmá wò mí títí, ó ní, “Ó dáa. Gaàrí kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè.” Bí mo ṣe di ọmọ ìdí agbada nìyẹn.

Àgbẹ̀ ni Bàbá kí wọ́n tó ti bodè. Nígbà tí wọ́n tì í, tí àwọn aṣọ́bodè gbé igi dábùú ọ̀nà láti Ìdìrókò títí lọ sí ìhà Ìlaròó, ìrẹsì di ohun tí a ń fi ojú wá. Awakọ̀ kan wà ládùúgbò wa, tó ti gbé ní Àjàṣẹ́ pẹ́ débi pé Faransé ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kò sí aṣọ́bodè tó fẹ́ kí ènìyàn kú sí òun lọ́rùn. Bí ọkọ̀ bá gbé aláìsàn tó ń pọ̀kàkà ikú, kíá ni wọ́n á gbé igi kúrò lọ́nà. Awakọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò máa bá a ṣàìsàn. Bàbá ga, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì gùn bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, kódà nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọkùnrin abúlé, òun ni awakọ̀ mú.

Orí ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Ìrẹsì á wà lábẹ́ rẹ̀, ẹní á wà lórí ìrẹsì, wọ́n á sì da aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ igi, Bàbá á fi ọwọ́ di àyà òsì mú, á yí ojú sókè, á sì kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ńlá ló ka ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn sí. Ó ní àwọn kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lápá ibòmíràn máa ń ké bí aboyún tó ń rọbí, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú ẹrù wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń fi hàn wá ní pálọ̀, àwọn aládùúgbò á sì wá wòran. Èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe aṣọ́bodè, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀, igi nìkan ni mo ní láti gbé sókè. Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Báyìí ni gbogbo abúlé wa ṣe kọ́ bí àìsàn ọkàn ṣe rí. A mọ̀ pé ọkùnrin ló ń ṣe, pé ó ń di àyà mú, pé ó sì ń ṣubú lulẹ̀.

Màmá ní tirẹ̀ kì í ṣàìsàn, ti iṣẹ́ tàbí ti òótọ́. Ìrẹsì ti di ohun ọdún, gbogbo ayé padà sórí gaàrí, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan ló jọ ń lo àtíbàbà ìdín-gaàrí wa, wọ́n sì ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Obìnrin tó bá ti gba ipò nídìí agbada kò gbọ́dọ̀ dìde kí gaàrí rẹ̀ tó gbẹ. Bí ó bá dìde, wọ́n á ní iná lé e. Mo ti gbọ́ nípa obìnrin tó rọbí nídìí agbada tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó èyí tó wà lórí iná ná. Wọ́n ṣì ń fi ìyìn sọ ìtàn rẹ̀, ọmọ náà sì ti ń fẹ́yàwó. Iná kò lé Màmá rí. Ohun tó fi ń yangàn láyé kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí àìsàn Màmá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n ló ní ó ń dun òun. Ìyá oníkẹ́mísì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà wa, wo ẹnu rẹ̀, ó rí eyín kan tó ti ń bàjẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ Màmá wọ abúlé, ó sì fún un ní oògùn eyín. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sí obìnrin tó ń dín gaàrí tí ẹ̀yìn kì í ro. Ó tún di pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá pọnmi láti ẹ̀yìnkùlé, á jókòó sórí ìdérí kànga, á máa mí bí ẹni tó gun òkè. Nígbà tí èébì wá ń gbé e, ìyá oníkẹ́mísì ní ọgbẹ́ inú ni, ó fún un ní oògùn funfun kan tó dà bí ògì. Àwọn obìnrin àtíbàbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tó ń mú àárẹ̀ àti èébì bá obìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní fún Màmá, ẹni tí ìkẹyìn àwọn ọmọ rẹ̀ ti ju èmi lọ. Wọ́n ní ìgbà tí Bàbá kì í lọ sóko mọ́, tó kàn ń sùn sẹ́yìn ọkọ̀ káàkiri, agbára rẹ̀ ti padà wá. Bàbá gbọ́, kò sì jiyàn. Ó fá irùngbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀dọ́kùnrin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ ran Màmá lọ́wọ́ nídìí agbada. Iná ń jó gidi, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Mo na igbá tí a fi ń ro gaàrí sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì kan tèmi. Ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Mo wo iná, mo wo ọwọ́ náà. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lójú. Mo tún fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù, omi rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ètè rẹ̀ ti di eérú. Ó wò mí, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè mí, ó ní kí n fi igi sí iná.

Mo lọ bá ìyá oníkẹ́mísì. Ó ní òógùn ló ń tutù bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, kí n fún un lómi mu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, mo sì ti fẹ́ gbà á, bí kò ṣe pé kò sí atẹ́gùn kankan lọ́jọ́ náà. Mo wá lọ sójúlé wa. Ọkọ̀ awakọ̀ ti dúró níta, ìrẹsì ti wà nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ́ Bàbá lé e lórí, ó ń dá bí yóò ṣe kérora wò. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Bàbá bi mí ohun tí mo ń wá. Mo ní Màmá. Ó ní kí ló ṣe Màmá. Mo ní ó tutù. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí a ò ní gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí lọ́jọ́ tó bá pinnu láti sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí àwọn máa lọ jàre.

Mo padà sí àtíbàbà. Títí di òní, n kò mọ ibi tí mo ti rí i ṣe. Mo di Màmá ní ọrùn ọwọ́ mú, mo sì fà á dìde kúrò nídìí agbada, gaàrí rẹ̀ kò sì tíì gbẹ lórí iná. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé ojú kúrò nínú agbada tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀, pé iná lé e. Màmá gbọ́, ó fẹ́ padà jókòó, ṣùgbọ́n kò lágbára tó lè fi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin bíi tèmi. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo fà á dé ìdí ọkọ̀ tí kò tíì gbéra, mo sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Bàbá níbi tó sùn sí.

Bàbá dìde jókòó. Ojú rẹ̀ tó máa ń gùn tẹ́lẹ̀ wá kúrú, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, kò sì kérora rárá. Ó ní kí wọ́n sọ ìrẹsì kalẹ̀, kí wọ́n gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ ní kí Bàbá ṣe sùúrù, pé Màmá lè jókòó níwájú, kí àwọn fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Bàbá ń fa àpò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òun tó ní ìbàdí ń ro òun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí àpò kan bẹ́, tí ìrẹsì dà sílẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́, ni awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́. A tẹ́ Màmá sẹ́yìn, ó ní òun kò lè sùn lọ́sàn-án gangan bí ọ̀lẹ, ó jókòó. Mo jókòó tì í. Bàbá wà níwájú. Bí ọkọ̀ náà ṣe di ọkọ̀ olóòótọ́ nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bodè.

Ọ̀gá aṣọ́bodè tuntun ló wà nídìí igi àkọ́kọ́. Ó ti gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ kan tó ń gbé aláìsàn kọjá lemọ́lemọ́. Ó ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, ó sì béèrè pé ta ni aláìsàn. Bàbá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ìyàwó òun ni, pé ara rẹ̀ ti tutù, pé òun rò pé ó ń kú lọ. Ọ̀gá wo Màmá. Màmá náà wò ó, ó sì tẹrí ba.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi,” ó ní. “Oòrùn yìí mà mú yín. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ọ̀gá yíjú sí Bàbá. “Bàbá, ìyá tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun yìí lẹ ní ó ń kú?”

Ó ní kí wọ́n tú ọkọ̀. Wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n yọ táyà, wọ́n fi igi gún inú búùtù. Hóró ìrẹsì kan ni wọ́n rí lábẹ́ ẹní, ọ̀gá sì gbé e sókè sí oòrùn bí ẹni tó rí wúrà. Bàbá ń ṣàlàyé, ó ń búra, òótọ́ ni gbogbo ohun tó ń sọ, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Òótọ́ kò mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Màmá fara ti mí, ó ń mí kúkúrú kúkúrú, ó ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé òun kò mú nǹkan kan wá fún wọn. Mo rí i pé Bàbá wò wá. Ó wo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ di àyà òsì mú, ó yí ojú sókè, ó kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

Àwọn aṣọ́bodè pariwo. Ẹni tó ń yọ táyà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá ìjókòó àti táyà padà, wọ́n gbé e wọnú ọkọ̀ bí ẹyin, wọ́n gbé igi kúrò lọ́nà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì gun alùpùpù síwájú wa kí ó lè máa ṣí àwọn igi yòókù. Bí a ṣe ń lọ, Bàbá la ojú kan, ó bi mí bóyá Màmá ṣì ń mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún pa ojú náà dé, torí igi mìíràn ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Awakọ̀ ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, òun kò rí irú ọ̀nà tó mọ́ báyìí rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀gá aṣọ́bodè ti ṣáájú wa dé ọsibítù, tí n kò ní dárúkọ, ó sì ti sọ fún wọn pé ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dúró ń bọ̀. Bí ọkọ̀ wa ṣe wọlé, bẹ́ẹ̀dì onítáyà ti ń dúró. Wọ́n gbé Bàbá lé e kí ó tó la ẹnu. Ó ní òun kọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kí ó má sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ sísọ kò dára fún ọkàn rẹ̀. Ó tún gbìyànjú, wọ́n fi ike afẹ́fẹ́ bò ó lẹ́nu. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń júwe Màmá, nọ́ọ̀sì sì di ọwọ́ náà mú, ó ń rọra fọwọ́ pa á, ó ní Màmá ń bọ̀, kò ní fi yín sílẹ̀. Wọ́n tì í wọlé. Bàtà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n kó o fún Màmá pé kí ó bá a mú un dání.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú bàtà ọkọ rẹ̀ lórí itan. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kékeré tó jókòó sídìí tábìlì. Mo sọ fún un pé Màmá gan-an ni aláìsàn, tàbí bóyá mo kàn rò pé mo sọ ọ́ ni, torí ó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo tún un sọ. Ó wo Màmá láti ọ̀ọ́kán, ó ní àárẹ̀ ọ̀nà ni, àti ìpayà nítorí ọkọ rẹ̀, kí n ra nǹkan dídùn fún un mu. Mo padà. Màmá ti gbé orí lé èjìká mi, orí náà sì wúwo. Ó ní, “Ṣé wọ́n ti tọ́jú Bàbá?” Bàtà bọ́ lórí itan rẹ̀, kò sì mọ̀.

Èmi tí n kò lè dìde dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn ọmọ ìwé kẹrin, mo dìde. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n gbé Bàbá sí. Wọ́n ti lẹ wáyà mọ́ gbogbo àyà rẹ̀, ọ̀gá aṣọ́bodè dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, dókítà obìnrin kan ń wo ìwé gígùn tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń wò ó bí ẹni tí nǹkan kò yé. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ojú pọ̀. Mo ní, “Bàbá ń ṣeré ni. Màmá ló ń kú.”

Bàbá fa ike kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Ó wo ọ̀gá aṣọ́bodè, kò sì yí ojú sókè. Ó ní, “Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Eré ni. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí ẹ ti ti bodè. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé ìyàwó mi wọlé.”

Dókítà ti kọjá lára mi kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ Màmá mú níta, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà gẹ́gẹ́ bí ti Bàbá. Wọ́n di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá mọ́ apá Màmá, ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kà. Wọ́n ní kí Bàbá bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ sílẹ̀ tòun ti wáyà. Ọ̀gá aṣọ́bodè, tí mo rò pé ó fẹ́ mú Bàbá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Màmá mú, Bàbá di èjìká, wọ́n jọ gbé e. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan sí Bàbá ju pé kí ó rọra, kí ó má fi orí ìyá náà gbá ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí ara Màmá tó gbóná. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n fi òmíràn sínú omi tó ń kán sí i lára kí ọkàn rẹ̀ lè ní agbára láti fún ẹ̀jẹ̀ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Dókítà pe èmi àti Bàbá, ó ní ọkàn Màmá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ké, ẹnu ni kò fi ké. Ó ń gba inú àgbọ̀n ké, ó ń gba ẹ̀yìn, ó ń gba inú. Ó ní òun ti rí obìnrin tó di àyà mú bí ọkùnrin, òun sì ti rí ọkùnrin tí inú nìkan ń run, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n sábà máa ń gbé wá nígbà tí ara ti tutù. Ọkùnrin kan wà ní yàrá kejì tí irú àìsàn kan náà kọ lù nídìí ayò. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta ayò gbé e wá kí wọ́n tó kó ọmọ ayò nílẹ̀. Ó ti ń rìn kiri, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà, nígbà tí Màmá kò tíì lè jókòó. Mo béèrè, nínú ọkàn mi ni mo rò pé mo ti béèrè, bóyá ọkàn obìnrin ni kò lágbára tó. Dókítà gbọ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yé àwọn, ṣùgbọ́n èyí tó yé òun ni pé obìnrin ń pẹ́ nílé, ó ń pẹ́ lọ́nà, ó sì tún ń pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì àwọn. Ó wo ìhà ibi tí nọ́ọ̀sì kékeré jókòó sí bó ti ń sọ ọ́, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ti Bàbá, ó ní ọkàn rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ, òun kò sì tíì rí i kí ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń dá wa sílẹ̀, dókítà kìlọ̀ fún Màmá pé èyí tó ṣẹ́kù nínú ọkàn rẹ̀ kò pọ̀, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ agbada mọ́, ohunkóhun tó bá sì ń ṣe é, kí ó sọ ọ́ síta. Ti agbada yẹn rọrùn fún un. Ti sísọ síta ló ṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á fà mí sí kọ̀rọ̀, á sọ ọ́ sí mi létí bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo sọ fún un pé tí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ó ní ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ṣí bodè báyìí. Bàbá ti padà sóko, èmi ni mo ń dín gaàrí. Màmá ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ti mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, à á gbọ́. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà tí inú rẹ̀ wú, gbogbo àdúgbò á gbọ́, Bàbá á sì sáré ti oko dé tòun ti àdá lọ́wọ́, awakọ̀ á ti tan mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá oníkẹ́mísì wá bá mi nídìí agbada, ó ní kí n bá Màmá sọ̀rọ̀, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn ènìyàn kò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Mo ní mo gbọ́. Mo sì lọ bá a lóòótọ́, mo jókòó tì í, ó ní orúnkún ń ro òun. Mo ní kí ó tún un sọ, pé n kò gbọ́ dáadáa.